Ìkòkò Ọbẹ̀ Wa Ló Ń Pa Akika Run

Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè Singapore gba tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akika tó ti Nàìjíríà wá ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn ará Éṣíà tó ń ra ìpẹ́ ni gbogbo wa dá lẹ́bi. Irọ́ ni a fi tan ara wa. Ìwádìí tí Charles Emogor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 fi hàn pé, níhà Cross River, nínú akika 100 tí ọdẹ bá mú, bí 98 ló jẹ́ nítorí ẹran jíjẹ. Púpọ̀ nínú ìpẹ́ àwọn akika wọ̀nyí, ààtàn ló ń lọ.

Ṣé tiwa yàtọ̀ ní Ìkirè àti Apòmù? Rárá o. Ẹni tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ nítorí ẹran ìgbẹ́, òun ni mo fẹ́ kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ mú. Owó rẹ̀ ló ń rán ọdẹ níṣẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni akika sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ. Ẹkùn kò ní rí i jẹ, ṣùgbọ́n ènìyàn á kàn gbé e sínú àpò ni. Inú ihò igi ńlá ló ń sùn, títí kan igi inú oko kòkó. Bí àgbẹ̀ bá ta ìrókò oko rẹ̀ fún agégi, ilé akika ló tà. Ìwádìí Soewu àti Ayodele ní Ìjẹ̀bú, ní 2009, tún sọ pé àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé akika tó lóyún ni wọ́n ń béèrè. Èyí ló dùn mí jù.

Wọ́n ní àwọn baba wa jẹ ẹ́. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ agégi, wọn kò sì ní títì márosẹ̀. Wọ́n ní kí ni àwọn tó ń tà á yóò jẹ? Dòdò ló sọ Ìkirè di olókìkí, ọ̀yà sì ṣeé sìn nílé; akika kì í pẹ́ kú nínú àhámọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń ta àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n jí gbé lọ́jà Apòmù. Òwò náà ń mówó wọlé, síbẹ̀ àwọn olóyè Ọ̀yọ́ ní kí Òwu lọ pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni Ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀. N kò fi ẹranko wé ènìyàn o. Owó tó ń wọlé ni mo ní kò tíì sọ òwò kankan di ẹ̀tọ́ rí.

Kí Àkirè àti Alápòmù, ọba ìlú méjèèjì, pe ọdẹ àti alájàpá jọ, kí wọ́n fòfin de akika ní ọjà wọn. Kí wọ́n má sì dá ẹni tó rà á sí.