Ẹ Má Fa Ohun Tí Kò Tíì Kú Tu

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń gbé Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya, ẹ fetí sí wa. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan, nítorí ọ̀rọ̀ ewúro ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa ni.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan dìde, wọ́n ní kí a fa gbogbo ohun tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé ẹgbẹ́ tu, kí a sì fi òkúta àti sìmẹ́ńtì tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní ewúro ti kú, èfìnrìn ti kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti jóná, igi gbígbẹ tí ejò yóò máa sá sí ni ó kù. Wọ́n ní kí a dìbò lé e lórí ní ìpàdé oṣù kẹta. Àwa kò fara mọ́ ọn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ọyẹ́ kì í ṣe ikú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ wá. Bí ó ti ń fa omi lára ètè wa, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi lára ewé. Ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, ọyẹ́ a dé, a sì tètè lọ. Níhìn-ín, òjò a dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, kì í sì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ padà títí di oṣù kẹrin. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ilẹ̀ fi ń gbẹ. Igi tí ó gbọ́n kì í bá ọyẹ́ jà. A ju ewé rẹ̀ nù, a pa agbára rẹ̀ mọ́ sí ìdí àti gbòǹgbò, a sì dúró de òjò. Ẹni tí kò mọ̀ ni yóò sọ pé ó ti kú.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń pariwo léèrè: nígbà tí ewé iṣu bá gbẹ lórí ọ̀pá, ṣé iṣu ti kú ni? Ṣé inú ebè kọ́ ni ó wà? Ẹ wo atalẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ní Kachia ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ewé rẹ̀ a gbẹ dànù, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni owó wà. Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí a ń pè ní igi rẹ̀ kì í ṣe igi rárá, ìdí ewé tí ó di mọ́ ara wọn ni. Ìdí rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ìyá, ìyá náà ni yóò sì yọ ọmọ nígbà tí òjò bá rọ̀. Igi oṣè ńkọ́? Gbogbo wa tí ń rìnrìn àjò ní Òkè Ọya ni ó ń rí i láìléwé lẹ́bàá ọ̀nà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni ó gbé àáké tọ̀ ọ́ lọ pé ó ti kú?

A kò sọ pé kò sí ohun tí ń kú. Tẹ̀tẹ̀ ń kú, àgbàdo ń kú, ẹ̀wà ń kú. Ọdún kan ni tiwọn, irúgbìn wọn ni a ó tún gbìn. Ewúro pàápàá lè gbẹ dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹjọ́ láìwádìí. Ẹ fi èékánná họ èèpo igi náà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ bí igi ìdáná, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ tún họ ọ́, títí ẹ ó fi dé ìdí. Ibi tí ẹ bá ti kan àwọ̀ ewé ni kí ẹ gé e dé. Òkè ni ẹ ó gé, ẹ kò ní fọwọ́ kan ìdí.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò sọ ara wa di ẹni mímọ́. Ní ọdún tí ó kọjá, a wà lára àwọn tí ó gbé ọkọ́ ní òpin oṣù kejì. Ẹsẹ̀ ewúro márùn-ún ni a hú lọ́jọ́ náà, a sì ń yọ̀ pé a ti tún àyíká ṣe. Nígbà tí a ṣẹ́ gbòǹgbò wọn, inú wọn tutù, ó sì funfun. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nígbà tí òjò dé, àwọn ìyá wa tí ń já ewé níbẹ̀ ní láti lọ ra ewúro lọ́jà, owó sì jáde lápò ẹni tí kò ní tó.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé òtútù ni ọyẹ́ tiwọn. Òdòdó bíi dahlia àti fuchsia a dúdú, a sì wó lulẹ̀ nígbà tí ìrì dídì bá mú wọn. Ológbà tí ó mọ iṣẹ́ níbẹ̀ kì í yára hú wọn. A dúró di oṣù karùn-ún, nígbà mìíràn di oṣù kẹfà, kí ó tó sọ pé ó parí.

Wọ́n ní ejò. A gbà. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti kú, ejò kò ní ríbi sá sí. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n omi òjò kì í wọ inú sìmẹ́ńtì, ṣíṣàn ni yóò máa ṣàn wọ ilé. Ẹ̀yin tí ẹ rí omíyalé Lugbe ní oṣù kẹfà 2023, ṣé ó tún yẹ kí a máa fi ọwọ́ ara wa dí ojú ilẹ̀?

Ẹ rántí ìlú tí a ń gbé yìí. Ní 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ibí ni yóò jẹ́ olú-ìlú, lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi àti àwọn mìíràn ti ń ro kí àwa tó dé. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó wá síhìn-ín. Ọdún 15 gbáko. Bí Nàìjíríà bá lè dúró fún ọdún 15 kí ìlú tó hù, ṣé ẹgbẹ́ wa kò lè dúró fún oṣù mẹ́ta kí ewúro hù?

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì dùn wá jù. Ẹnu kan náà tí ó ní kí a hú ewúro ni ó ní kí a pa orúkọ àwọn tí kò san owó ẹgbẹ́ láti oṣù mẹ́fà rẹ́. Ọwọ́ wa ni ìwé orúkọ wà, a sì mọ àwọn tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná wà nínú wọn. Opó méjì wà nínú wọn. Ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ lu àwọn wọ̀nyí, wọn kò kú. Ta ni ó ti lọ sílé wọn lọ fi èékánná họ èèpo? Ta ni ó ti bi wọ́n pé kí ni ó kù nísàlẹ̀? Ẹni tí a bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn kì í padà wá bá wa jẹun nígbà òjò.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ dìbò kò lórí títu ọgbà. Kí a bu omi sí ìdí ewúro ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kan kò tó fi dájọ́, nítorí ọ̀dá a máa tẹ̀lé e. Kí a dúró di òpin oṣù karùn-ún. Èyí tí kò bá rúwé nígbà náà, àwa fúnra wa ni a ó gbé ọkọ́. Ní ti orúkọ, kí ènìyàn méjì kọ́kọ́ lọ bẹ ẹni kọ̀ọ̀kan wò nílé kí ẹnikẹ́ni tó gbé gègé.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òjò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá ohun tí yóò rọ̀ sí lórí.