Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó kan owó gbogbo wa.

Kọ̀ǹpútà tí a ń kọ owó ìfipamọ́ àti owó yíyá sí ti sọ ara rẹ̀ di abíkú. Bí akọ̀wé bá ti ní kí ó tẹ̀wé jáde, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ aró, á kú, á tún jí. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Araromi ló bà á jẹ́, wọ́n ní ká dáwó ra òmíràn. Àwa kò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ̀wé nìkan ló ń kú, ó yẹ ká bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní driver. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ o, ògbufọ̀ ni. Òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí Windows bá di tuntun, tí ògbufọ̀ ṣì ń sọ èdè àtijọ́, wọ́n lè ṣi ara wọn gbọ́, kí gbogbo rẹ̀ sì dákú. Ní oṣù Kẹta 2021, àtúnṣe Windows kan mú kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa dákú bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀wé. Irin kankan kò bàjẹ́. Àtúnṣe mìíràn ni Microsoft fi wò ó sàn.

Àyẹ̀wò kò gba kọ́bọ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ tó bá hàn lójú ẹ̀rọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, orúkọ driver tó ṣẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Kí ó tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, níbi tí ìwọ̀nba ògbufọ̀ díẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá kú níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin rẹ̀ má ní àrùn. Kí ó wá wọ Device Manager, kí ó fi driver tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ni ká ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé flash kiri ọjà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tuntun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, Roll Back Driver á dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Nítorí tuntun náà lè ṣeni ní jàǹbá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí ètò ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó wà nínú Windows. Kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe yí driver kankan padà nígbà tí pínpín èrè bá ku ọ̀la. Ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa, ká sì máa kọ gbogbo owó sínú lẹ́jà pẹ̀lú. Lẹ́jà kì í dákú.

Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tí irin ló ṣẹ̀, àwa náà á nawọ́ sókè pé ká ra òmíràn. Kó tó di ìgbà náà, ẹ má fọwọ́ sí i ní ìpàdé. Owó ẹja àti owó òógùn ni owó ẹgbẹ́ yìí.