Ọ̀fẹ́ ni ẹnu ọ̀nà British Museum, àmọ́ mélòó nínú wa ló lè débẹ̀?

Bí mo ṣe gbé àpò mi sílẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Camberwell, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ibo ni mo fẹ́ lọ wò. Ṣé Oxford Street ni àbí ààfin Buckingham? Mo ní British Museum. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún 15 tó ti ń gbé ìlú náà, kò sì débẹ̀ rí. Mi ò dá a lẹ́bi o. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, ọjọ́ tó bá ráyè, oorun ló ń wá.

Àwa àlejò gan-an ńkọ́? Ká má purọ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ wa tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, pálọ̀ ẹni tó gbà wá sílé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà aṣọ olówó pọ́ọ́kú la máa ń rí. A ó ya fọ́tò níwájú Big Ben, ó parí. Èmi náà kì í ṣe olówó. Ẹni tó ń fi náírà gbowó oṣù ò lè fojú di owó òtẹ́ẹ̀lì ìlú yẹn, torí náà orí àga gbọọrọ nínú pálọ̀ ni mo sùn fọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Mo gbé èlùbọ́ àti gààrí Ìjẹ̀bú dání, mo sì ń tètè ká aṣọ ìbora mi kí àwọn ọmọ tó jí lọ síléèwé. Ilé wọn kéré, owó ilé wọn sì pọ̀. Ẹni tó bá gbà yín síbẹ̀ ti ṣoore ńlá. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lo oṣù mẹ́ta nílé onílé láìra bùrẹ́dì kan wọlé, Ọlọ́run ń wò yín.)

Bọ́ọ̀sì kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ mọ̀. 176 ni nọ́ńbà rẹ̀. Penge ló ti ń gbéra, ó gba iwájú Horniman Museum ní Forest Hill, ó gba Camberwell, ó gun afárá Waterloo sọdá odò Thames, ó kọjá ní Trafalgar Square, ó wá já sí Tottenham Court Road. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé British Museum, kò jìnnà. £1.75 lowó ọkọ̀ nígbà tí mo lọ. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù mọ́ láti ọdún 2014, káàdì lẹ máa fi kan ẹ̀rọ. Ẹ gun òkè lọ, kẹ́ ẹ jókòó síwájú pátápátá. Mi ò rí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi ń sanwó gọbọi fún ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ nígbà tí èyí wà.

Mo wọlé láìsan kọ́bọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kó nǹkan Áfíríkà sí, mo sì bá a níbẹ̀, nínú gíláàsì: orí idẹ Ifẹ̀. Kò tóbi, gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, adé ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọ̀dà pupa ṣì hàn díẹ̀ lára adé náà. Ọrùn rẹ̀ ti kán. Mo dúró pẹ́. Ó jọ bàbá kan tí mo mọ̀ nílé.

Àwọn ọmọ iléèwé kan wọlé pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yọ pẹ́ńsù, ó ń ya orí náà sínú ìwé rẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ronú kan ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lọ síléèwé ní Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti wa orí yẹn.

Àwọn aláṣẹ mùsíọ́mù náà máa ń sọ pé gbogbo ayé làwọn ń bá tọ́jú nǹkan, pé ẹnikẹ́ni ló lè wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó físà ìbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà kúrò ní £115 sí £127. Tí wọn ò bá fún yín ní físà, owó yẹn ti wọgbó nìyẹn. Ẹ ò sì lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bíi ti àtijọ́. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹbí rẹ̀ pàápàá, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ṣé ẹ rí i báyìí pé “ẹnikẹ́ni” tí wọ́n ń wí yẹn, ó ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òfin ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ariwo Benin là ń gbọ́ jù, ó sì tọ́, torí ogun ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi kó ti Benin lọ́dún 1897. Ti Ifẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1938 ni wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Nígbà tó fi máa di 1939, ọ̀kan ti wọ British Museum. Rírà ni wọ́n rà á, òyìnbó kan tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà nígbà náà ló gbé e kúrò nílé. Àwọn kan á wá ní ọ̀rọ̀ ti tán, ṣebí wọ́n sanwó. Kò tíì tán. Ẹni tí kì í ṣe òun ló ni nǹkan, kò lè tà á fún ẹlòmíì. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá láṣẹ láti ta orí tí wọ́n wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin?

Wọ́n á ní òfin ọdún 1963 ti so àwọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, abala karùn-ún òfin náà ò jẹ́ kí wọ́n kàn máa kó nǹkan fúnni. Àmọ́ ẹ padà sínú bọ́ọ̀sì 176. Òfin yẹn ò de Horniman, èyí tí mo ní bọ́ọ̀sì ń gba iwájú rẹ̀, nítorí náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n dá ẹ̀tọ́ oní-nǹkan lórí nǹkan Benin 72 padà fún Nàìjíríà. Nínú ìlú kan náà, lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì kan náà!

Wọ́n tún máa ń ní a ò lè tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní sọ pé olè ò wọ mùsíọ́mù Ifẹ̀ rí, ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, British Museum fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọ́n ti jí nǹkan kó lọ́dọ̀ àwọn, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bíi 2,000. Olùdarí wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò ga jù. Abala kẹrin òfin 1963 yẹn gbà wọ́n láyè láti yá èèyàn ní nǹkan. Ó dùn mí pé ohun ẹni lèèyàn fẹ́ yá, àmọ́ kí ọmọ Ẹnuwá kọ́kọ́ rí i ná. Kí ìjọba àpapọ̀ sì ya fáìlì orí Ifẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti Benin, torí ẹjọ́ wọn ò jọra.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ mùsíọ́mù náà, mo bi wọ́n nípa abala kẹrin. Tí wọ́n bá fèsì, ẹ máa kà á níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa kó àwọn ọmọ débẹ̀.