Dídán Etí Ọmọ-ọwọ́ Wò

Bí abiyamọ bá fẹ́ mọ̀ bí etí ọmọ rẹ̀ dá, yóò dúró sí ẹ̀yìn ọmọ náà, yóò sì pàtẹ́wọ́ pàá. Bí ọmọ bá ta gìrì, inú ìyá a dùn, a sì gbà pé kò sí ewu. Èmi kò fi àṣà yìí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìfẹ́ ni ó bí i. Ṣùgbọ́n ó ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Afẹ́fẹ́ àtẹ́wọ́ lè kan ọmọ ní ọrùn, òjìji ìyá lè ṣubú síwájú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ariwo ńlá nìkan ni ọmọ náà ń gbọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò dé etí rẹ̀ rárá. Ìgbà tí ó bá pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀ ni a ó tó máa sáré kiri. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wọ ilé-ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nínú èdè wa, àìgbọ́ràn ni a ń pe ti ẹni tí etí rẹ̀ di, àìgbọ́ràn náà ni a sì ń pe ti olórí kunkun. Bóyá èyí wà lára ohun tí ó ń mú wa tètè nàgà sí pàṣán. A pe ọmọ títí, kò dáhùn, a sì nà án nítorí ohun tí kò gbọ́.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a gbé ọmọ kankan kúrò ní ilé-ìgbẹ̀bí láì tí ì fi ẹ̀rọ dán etí rẹ̀ wò. Bí a bá sì bí i sí ilé, kí a ṣe é kí ó tó pé oṣù kan.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, báwo ni a ó ti ṣe dán etí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ wò? Ìbéèrè gidi ni. Bí àgbàlagbà bá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà etí, a ó ní kí ó na ọwọ́ sókè nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ ìró. Ọmọ-ọwọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ a máa dáhùn. Ní 1924, ní ìlú Jena ní Jámánì, dókítà kan tí a ń pè ní Hans Berger fi ẹ̀rọ ṣe àkọsílẹ̀ iná mànàmáná kékeré tí ń jáde láti inú ọpọlọ ènìyàn, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1929. Ní 1939, Pauline Davis ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ìró bá dún sí ènìyàn létí, iná ọpọlọ náà a yí padà. Ní 1971 ni Don Jewett àti John Williston, ní Amẹ́ríkà bákan náà, ṣe àlàyé àwọn ìgbì kéékèèké tí ń jáde láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé lẹ́yìn tí ìró bá wọ etí. Lórí iṣẹ́ yìí ni a gbé ìdánwò ti òde òní kà.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Nígbà tí ọmọ bá sùn, a ó lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn ní orí àti ní ẹ̀yìn etí. A ó máa ta ìró kékeré sí i létí, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ìdáhùn ọpọlọ kéré púpọ̀: kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ariwo iṣẹ́ mìíràn tí ọpọlọ ń ṣe sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàrin ọjà. Ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà, tí a sì to gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, ariwo ọjà tí kò dọ́gba yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà yóò sì yọ jáde. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìṣirò yìí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora, ọmọ tilẹ̀ lè máa sùn lọ.

Àwọn onímọ̀ tún ń wá ọ̀nà láti sọ ẹ̀rọ náà di ohun tí a lè wọ̀ sára. Ní 2012, àwọn kan ní Dẹ́ńmáàkì àti ní Ìlú Ọba ṣe àlàyé ohun kékeré tí a ń kì bọ ihò etí, tí ń gba iná ọpọlọ láti ibẹ̀. Ní 2018 ìròyìn jáde pé a ti fi irú rẹ̀ díwọ̀n ìgbọ́ràn àwọn àgbàlagbà tí etí wọn dá. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a tìtorí rẹ̀ jókòó máa retí, nítorí ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì lè gbé lọ́wọ́ ti wà fún àwọn ọmọ-ọwọ́ ná.

Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀rọ náà wọ́n, àti pé kí ni èrè kí a mọ̀ pé ọmọ dití nígbà tí a kò lè wò ó sàn? Ti owó, òótọ́ ni. Ti èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado fi hàn pé àwọn ọmọ tí a ti mọ àìsàn etí wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, tí a sì ràn lọ́wọ́ kíákíá, mọ èdè ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó mọ tiwọn lọ. Ìrànlọ́wọ́ náà lè jẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó sì lè jẹ́ èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ, tí òbí yóò kọ́ pẹ̀lú ọmọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn ọmọdé tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́ báyìí sí mílíọ̀nù 34.

Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ náà mọ ohun gbogbo. Ó lè sọ pé ìró dé ọpọlọ. Kò lè sọ pé ọmọ lóye ohun tí ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí etí rẹ̀ dá ní ọjọ́ tí a bí i lè di adití lẹ́yìn àrùn yírùnyírùn tàbí èéyi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ní àbúrò tí kì í yíjú nígbà tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, tàbí ẹlẹgbẹ́ kan ní kíláàsì tí ń wo ẹnu olùkọ́ kí ó tó dáhùn, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún àgbà, kí a mú un lọ fún ìdánwò kí ẹnikẹ́ni tó mú pàṣán.