Ẹ̀rín Tí A Kò Sanwó Rẹ̀

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá gbogbo wa wí lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Sàlá. A fẹ́ràn láti máa yìn ín pé òun ni baba àwọn aláwàdà. Èmi sọ pé ìyìn yẹn kò tó, nítorí àwọn tí ó pa lẹ́rìn-ín pọ̀ ju àwọn tó sanwó ẹ̀rín náà lọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún wo Ọ̀run Móoru, sinimá tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, gbé jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun sì darí. Ìtàn Lámídì ni, ẹni tí àwọn oníjìbìtì fi ìlérí owó òjijì tàn jẹ títí ó fi di òtòṣì. Ẹ̀rín ń pa mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń ṣe àwàdà sórí fóònù lónìí, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò bàbá wọn àti awò tó bo ojú tán, ipasẹ̀ Bàbá Sàlá ni wọ́n ń tọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Òun ló fi awò ràgàjì àti táì ńlá bíi labalábá pa àwọn òbí wa lẹ́rìn-ín.

Kí ni èrè rẹ̀? Láyé ìgbà náà, ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé sinimá kiri, kí èrò lè sanwó ìwòran. Kí owó Bàbá Sàlá tó wọlé padà, àwọn olè ti ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ṣeré ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì ni wọ́n wá lù ní jìbìtì lójú ayé. Nígbà tó kú ní 2018, ìyìn pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì ló lọ, olè kò lọ. Sinimá tuntun ń dé orí WhatsApp kíláàsì wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Òfin ọdún 2022 tó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè gbé inú fóònù gbogbo wa.

Àwọn kan ní àdàkọ ló ń sọ òṣèré di olókìkí. Irọ́ ni! Bàbá Sàlá ti lókìkí lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n kí Ọ̀run Móoru tó jáde. Okìkí kì í san gbèsè. Àwọn mìíràn ní tálákà ni wá ní Ajégúnlẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí wa ló ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá. Ta ni nínú wọn yóò gbà kí ọ̀gá sọ fún alábàárù pé, “O ṣeun, o lágbára, máa lọ sílé,” láìfún un ní kọ́bọ̀? Ohun tí a kò ní gbà fún bàbá wa ni a ń ṣe fún aláwàdà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi Ọ̀run Móoru han àwọn ọmọ ní ìparí táàmù. Yóò kọ́ wọn nípa owó òjijì ju ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ín, kí kíláàsì sì dá owó jọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ra ayédèrú lójú ọmọ yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe àwàdà, ẹ má gé orúkọ rẹ̀ kúrò kí ẹ tó pín in kiri.

Ajé gúnlẹ̀ ni wọ́n sọ àdúgbò tí Daddy Showkey àti African China ti jáde. Ọmọ aláwàdà tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ń gbé láàrin wa. Bí a kò bá sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ajé kò ní gúnlẹ̀ sílé rẹ̀ láé.