Nígbà tí Omi Gbígbóná Bá Kọ̀ Nínú Balùwẹ̀

 

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyàwó kékeré kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Èbúté Mẹ́ta wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́rin wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọṣẹ sì wà ní apá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ṣáwà wa. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí omi rẹ̀ kò ti gbóná mọ́. Láàárọ̀ yìí, bí mo ti fọwọ́ kan irin rẹ̀ báyìí, ńṣe ni iná gbé mi.” Mo bi í léèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní ó ti ń ta òun lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ òun ní kí òun máa wọ sálúbàtà rọ́bà wẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, sálúbàtà kọ́ ni oògùn iná. A pa súìsì ẹ̀rọ náà, a sì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Ó rí i pé irin tí ń mú omi gbóná ti là, àti pé wáyà tí ó yẹ kí ó gbé iná tí ó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá yìí gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní àkókò náà, ẹkún ni ọ̀rọ̀ ìbá dà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jíròrò lórí balùwẹ̀ ní oṣù yìí. Láti 1910 ni iṣẹ́ omi Ìjù ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà láti Ọ̀yìngbò dé ẹ̀bá ọgbà Rélùwéè ni ó sì ti pẹ́ púpọ̀. A wá so ẹ̀rọ amómigbóná tuntun mọ́ páìpù àtijọ́ àti wáyà àtijọ́. Lónìí, tí omi ìjọba kò dé gbogbo ilé, bọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, omi rẹ̀ a sì máa gbé ìpẹtà tàbí èépá funfun wá.

BÍ OMI KÒ BÁ GBÓNÁ

Ẹ kọ́kọ́ wo bí iná ti lágbára tó. Bí agbára rẹ̀ bá dínkù sí ìdajì, ooru tí ẹ̀rọ yóò mú jáde kì í ṣe ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ ro ti àkókò. Ẹ̀rọ tí ó gba omi líta 30, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 1500, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 45 kí omi rẹ̀ tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó tan iná nígbà tí ìwẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò gbọdọ̀ bú ẹ̀rọ.

Bí iná bá dára, tí àkókò sì tó, síbẹ̀ tí omi tutù bí omi inú àmù, ó lè jẹ́ pé irin inú rẹ̀ ti jó, tàbí pé ohun tí ń díwọ̀n ooru ti bàjẹ́. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Ohun tí ó sábà máa ń jó irin náà ni kí a tan ẹ̀rọ nígbà tí kò sí omi nínú rẹ̀. Bí omi bá ti dá, ẹ pa súìsì, ẹ má sì tàn án padà títí omi yóò fi jáde geere lẹ́nu ẹ̀rọ omi gbígbóná.

Ẹ óò rí ẹnu kékeré kan lára rẹ̀ tí omi a máa kán níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbóná. Omi tí ó ń gbóná a máa wú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà mí. Ẹ má ṣe dí i, nítorí ẹ̀rọ tí kò rí ibi mí lè bú gbàmù. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń dà níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ pe púlọ́ńbà.

BÍ ṢÁWÀ KÒ BÁ TÚ OMI DÁADÁA

Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wò. Bí tibẹ̀ bá ń dà dáadáa, orí ṣáwà ni ó dí. Ẹ tú u, kí ẹ rì í sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ àwọn ihò rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ da bílíìṣì mọ́ ọn, nítorí èéfín olóró ni àpapọ̀ wọn ń mú jáde. Kí ẹ sì rántí fọ táǹkì pẹ̀lú: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná.

Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan ni kò lágbára, ó lè jẹ́ pé èépá ti dí ọ̀nà ẹ̀rọ, tàbí pé ẹnìkan kò ṣí fáàfù rẹ̀ tán. Bí gbogbo omi ilé ni, ẹ wo táǹkì. Gíga ibi tí ó wà ni agbára omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e ga sí i, ẹ bi ọ̀mọ̀lé léèrè, nítorí líta 1000 omi wúwo tó tọ́ọ̀nù kan.

NÍTORÍ ÀWỌN ỌMỌ

Omi tí ó gbóná dé ìwọ̀n 60 lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú ọpọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ da gbígbóná lé e, kí ẹ sì fi ìgúnpá yín tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó ń lo irin tí a ń kì bọ inú korobá, kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná kí ó tó fọwọ́ kan omi náà, kí ó má sì fi ọmọ sílẹ̀ sí tòsí rẹ̀.

Bí omi bá jó ọmọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Ọkọ aládùúgbò mi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó rí i pé irin tuntun àti wáyà ẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó ohun tí ìbá sọnù. Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró di ìgbà tí iná bá gbé yín. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín wò bóyá ẹ̀rọ yín ní ẹ́ẹ̀tì. Bí irin balùwẹ̀ bá sì ta yín lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ pa á, ẹ má tún lò ó mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ẹlẹ́dàá bá dá ẹ̀mí wa sí.