Ìnira Ilẹ̀ Yàtọ̀ sí Ìnira Onílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ìbátan kan ní Amẹ́ríkà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pe ilé pé òun ti ra ilẹ̀, àdúrà la máa ń kọ́kọ́ ṣe fún un, lẹ́yìn náà la óò béèrè ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ ilé. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé: ṣé wọ́n á gbà kó kọ́lé sí i? Lọ́hùn-ún, èèyàn lè ní ìwé ilẹ̀ tó mọ́ kedere lọ́wọ́, kó máa san owó orí ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, kí òfin sì sọ pé ilẹ̀ náà kéré jù, tàbí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, fún ilé. Ọ̀rọ̀ á wá di ti ìgbìmọ̀ kan tó sábà máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìlú lásán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn dé.

Èmi tí mò ń túmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń dá mi dúró nínú irú ìròyìn yìí. Àkọ́kọ́ ni township. Níbí, tẹ́nì kan bá ti dárúkọ township, pápá ìṣeré ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Pennsylvania, New Jersey, Michigan àti Ohio, ìjọba ìbílẹ̀ kékeré ni, ó kéré sí county, ọwọ́ rẹ̀ sì le lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èkejì ni zoning, èyí tí kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú wa tó ń pín ipò láàárín Àríwá àti Gúúsù. Ilẹ̀ ni wọ́n ń pín: apá ibí fún ilé gbígbé, apá ọ̀hún fún ọjà, ọ̀nà jíjìn fún ilé iṣẹ́. Wọn á tún sọ bí ilẹ̀ ilé kan ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ògiri àti ààlà, èyí tí àwọn bíríkìlà wa náà ń pè ní setback. Ẹ̀kẹta ni variance, ìyẹn ìyọ̀ǹda tí ìgbìmọ̀ lè fún onílẹ̀ kan pé kó yà díẹ̀ kúrò lójú ohun tí òfin sọ.

New York ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí fún ìlú kan lódindi, ní 1916. Ní 1926, ẹjọ́ abúlé Euclid ní ìpínlẹ̀ Ohio dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí i pé ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti pín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà tiẹ̀ fi ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń gbé wé afòmọ́ tó ń jẹ lára àdúgbò tí ilé àdáni wà. Ẹ fi afòmọ́ yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a níwájú.

Àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ pé ilẹ̀ ò dọ́gba, pé ìlà tí èèyàn fi rúlà fà sórí bébà lè dé orí àpáta tàbí kó gba inú odò kọjá. Ìdí nìyẹn tí òfin àwòkọ́ṣe tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò gbé jáde fún àwọn ìpínlẹ̀ ní 1924, nígbà tí Herbert Hoover ń darí rẹ̀, fi fún ìgbìmọ̀ lágbára láti yọ̀ǹda fún onílẹ̀ tí òfin bá mú ìnira tí kò yẹ bá.

Ìnira. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà, ohun tó máa wá sí wa lẹ́nu ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi, ilé tí mo ń háyà ti wọ́n jù, gbogbo owó tí mo fi ọdún mẹ́wàá kó jọ ló wà lórí ilẹ̀ yìí.” Ìgbìmọ̀ á tẹ́tí gbọ́, ojú wọn lè fi àánú hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n béèrè nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló ṣe ilẹ̀ náà? Ṣé ó rí bí igun mẹ́ta ni? Ṣé ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ṣé wọ́n ti gé e sí kékeré kí òfin tó dé? Òfin ìṣètò ìlú Pennsylvania, tó ti wà láti 1968, béèrè pé kí ìnira náà wá láti ara ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má ṣeé ṣe láti lo ilẹ̀ náà dáadáa láìyà lójú òfin, kó má jẹ́ pé onílẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kí ìyọ̀ǹda náà má yí ìrísí àdúgbò padà, kó sì mọ níwọ̀n tó kéré jù lọ tó lè yanjú ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ó nídìí. Ilẹ̀ ni variance ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé èèyàn. Bí ẹni tó gbà á bá ta ilé náà lọ́la, ìyọ̀ǹda náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò bí ọmọ kankan. Tó bá jẹ́ àánú èèyàn ni wọ́n fi ń pín in, ẹni tó mọ ẹkún sun jù ló máa kọ́lé.

Ti pé kí onílẹ̀ má fọwọ́ ara rẹ̀ fà á yẹn, ó yẹ kí àwa gan-an fetí sí i. A mọ bí a ṣe ń pín ogún, ìbáà jẹ́ ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí: bàbá kú, a gé ilẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò lọ́hùn-ún láìgbàṣẹ, tó gé ilẹ̀ sí méjì fún àbúrò rẹ̀, tó wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé èyí tó kù ti kéré jù, wọ́n á sọ fún un pé òun ló dá a sílẹ̀. Ní New Jersey, wọ́n tún lè bi onílẹ̀ kékeré bóyá ó ti gbìyànjú láti ra díẹ̀ lára ilẹ̀ alámùúlégbè rẹ̀, tàbí kó fi tirẹ̀ lọ̀ ọ́ ní iye tó tọ́.

Irú ilé kan tó tún máa ń wà nídìí àwọn ẹjọ́ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní modular. Ẹ má fojú pọ́tákábìn tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wò ó. Inú ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní apá apá bí àpótí gìrìwò, pẹ̀lú wáyà iná, páìpù omi àti fèrèsé, nígbà mìíràn pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná pàápàá. Tírélà á gbé e dé orí ilẹ̀, kíréènì á sì gbé e ka orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ dè é. Òfin ìkọ́lé kan náà tó de ilé tí bíríkìlà kọ́ láti ilẹ̀ ló dè é. Ilé mìíràn wà tó jọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní manufactured home, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní mobile home. Ìyẹn ń jókòó sórí férémù irin tí wọ́n fi gbé e wá, òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1976 ló ń darí rẹ̀, wọ́n sì máa ń kan àmì pupa kékeré kan mọ́ ọn lára níta. Àwọn ará àdúgbò kì í fẹ́ mọ ìyàtọ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé tírélà ló máa gbé ilé wá, ìjà dé.

Ilé ẹjọ́ ti dá sí ìjà náà. Ní Michigan, òfin Robinson Township sọ pé inú ọgbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni mobile home lè wà. Ní 1981, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé township ò lè lé ilé kan kúrò kìkì nítorí irú ilé tó jẹ́. Ó lè béèrè ìpìlẹ̀ tó dúró, ìwọ̀n àti ìrísí tó bá ti àwọn ilé tó yí i ká mu. Tí ilé náà bá kún ojú ìwọ̀n, kó jókòó.

Tí ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ó ku ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká sọ pé ìyá kan ra pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tí wọ́n ti gé láti ìgbà láéláé. Òfin township wá lẹ́yìn, ó ní kí pulọ́ọ̀tì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 15 sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ilé. Ti 100 yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ ti wà kí òfin tó dé; àwọn township kan tiẹ̀ máa ń dá irú ilẹ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Tí a bá yọ 15 lọ́nà méjì, ó ku 20. Àpótí méjì tí wọ́n gbé síra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 13, jẹ́ 26. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré ló fi lé. Ó jọ ohun kékeré, àbí? Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ á bi í pé: kí ló dé tẹ́ ò fi to àpótí kejì lé orí àkọ́kọ́? Ìyá á ní orúnkún ń dun òun, òun ò lè gun àtẹ̀gùn. Òtítọ́ ni, ó sì dunni, ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe ara ilẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1988 wà tó ní kí wọ́n ṣe ìrọ̀rùn tó bójú mu fún abirùn, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí lọ́yà rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé kó tó dé ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà ò tì pa ṣá. Ní 1998, nínú ẹjọ́ ilé ààbò kan fún àwọn obìnrin tí kò rílé gbé ní Pittsburgh, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Pennsylvania sọ pé tó bá jẹ́ ìwọ̀n lásán lonílẹ̀ fẹ́ kí wọ́n yí, tí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe, ìgbìmọ̀ lè ro ti owó tó máa ná an láti pa òfin mọ́, kó sì wo bí àdúgbò ṣe rí.

Níbí, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ̀wé sára ògiri la fi ń mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Lọ́hùn-ún, bébà ni, ó sì máa ń ṣáájú ilé. Ní Pennsylvania, wọ́n gbọ́dọ̀ polówó ìgbẹ́jọ́ nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀ náà ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ní New Jersey, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 200 gbọ́dọ̀ gbàwé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ó pẹ́ tán. Nítorí náà wọ́n á wá. Ọ̀kan á ní ọkọ̀ á pọ̀ jù ní títì, èkejì á ní owó ilé àwọn á já wálẹ̀. Kì í ṣe ìdìbò. Ẹni ogún tó ń bínú ò wúwo tó alámùúlégbè kan ṣoṣo tó fi hàn pé omi òjò láti orí òrùlé tuntun náà á máa ya wọ ilé òun.

Lójú tèmi, òfin ìnira yìí ò burú. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni òfin tó ṣáájú rẹ̀, èyí tó sọ pé ilẹ̀ ilé kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó báyìí. Easttown Township ní Pennsylvania nígbà kan ní kí ilé kan ní éékà mẹ́rin ní apá kan ìlú náà. Tí a bá fi pulọ́ọ̀tì wa tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 wọ̀n ọ́n, pulọ́ọ̀tì 24 nìyẹn fún ilé kan ṣoṣo! Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e ní 1965, ó ní ìlú ò lè fi òfin ilẹ̀ sá fún ẹrù èèyàn tó ń bọ̀. Ní Mount Laurel Township, New Jersey, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé tí apá wọn ká. Ní 1970, olórí ìlú náà wá sọ fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé tí agbára wọn ò bá gbé ìlú náà, kí wọ́n kó kúrò. Ethel Lawrence, olùkọ́ tó wà lára wọn, ò kó. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní New Jersey, èyí tó pàṣẹ ní 1975 pé ìlú tó ń gbòòrò gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ fún tálákà náà. Obìnrin náà kú ní 1994. Ọdún 2000 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Douglas Massey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí níbẹ̀, ìwà ọ̀daràn ò pọ̀ sí i, owó ilé àwọn ará àdúgbò ò sì tìtorí rẹ̀ já wálẹ̀. Afòmọ́ tí adájọ́ ọjọ́sí ń bẹ̀rù ò jẹ igi kankan.

Ẹni yín tó bá wà lọ́hùn-ún, kó lọ sí ọ́fíìsì township kó tó sanwó, kó béèrè ìwọ̀n tí òfin fún apá ibi tí ilẹ̀ náà wà, kó sì bi wọ́n bóyá ilẹ̀ náà ti wà kí òfin tó dé. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, òun á gba owó òun padà. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ lọ́hùn-ún mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ modular bí àpótí wọn ṣe fẹ̀ tó kó tó yan àwòrán ilé. Ní Pennsylvania, ẹni tí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ fún ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Common Pleas. Alámùúlégbè tínú ń bí náà ní ọjọ́ 30 kan náà, nítorí náà kí tírélà má tíì gbéra kí ọjọ́ yẹn tó pé.